Fíìmù Kẹtàdínlógún

Èmi ni mo ń tọ́jú fíìmù nílé ìwòsàn wa ní Ògbómọ̀ṣọ́,
nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò.
N kì í ṣe dókítà.
Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ibi tí ọwọ́ oníkálukú wà.

Ogójì ni wọ́n ní kí n kó jọ,
ogójì ọrùn-ọwọ́ tó ṣẹ́:
ti ọmọ tó já bọ́ lórí igi kajú ní Ìjẹ̀rù,
ti ọlọ́kadà tó fọwọ́ gbalẹ̀ ní Tákíè kí orí má baà kàn án,
ti ìyá àgbà tó yọ̀ ṣubú nínú omi ọṣẹ
láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tòun ti bùbá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn.
Wọ́n ní kí n fi bébà bo orúkọ, kí n kọ nọ́ńbà lé e.
Mo bò ó. Mo kọ ọ́.

Dókítà mẹ́ta jókòó síwájú àpótí iná,
ìwé tí wọ́n fi ń pín eegun sí ọ̀wọ́ wà lórí itan wọn:
ọ̀wọ́ kìíní, ọ̀wọ́ kejì, títí dé ìkẹjọ,
lábẹ́ ọ̀wọ́, ẹ̀ka; lábẹ́ ẹ̀ka, ẹ̀ka mìíràn,
bí agboolé tí kò sẹ́ni tó rántí ìyàwó tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Ó kan fíìmù kẹtàdínlógún.
Gbádégẹṣin ní, "Kò kan oríkèé. Ọ̀wọ́ kejì."
Ayánwálé ní, "Ẹ wo ìlà tín-ín-rín yìí,
ó ti wọ oríkèé. Ọ̀wọ́ kẹrin ni."
Tinúọlá, àbúrò wọn, sún mọ́ iná
títí èémí rẹ̀ fi bo gíláàsì.
"Ìlà wo?"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: èjì, ẹ̀rin, àti àmì ìbéèrè kan
tí wọ́n ní kí n pa rẹ́, torí kò láyè nínú tábìlì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Òjò ti bẹ̀rẹ̀.
Wọ́n ní kí n da fíìmù rú, kí n tún gbé e wá.
Gbádégẹṣin wo ọ̀kan náà, ó ní, "Ọ̀wọ́ kẹrin,"
ohùn rẹ̀ balẹ̀, bí ẹni tí kò sọ nǹkan mìíràn rí.
Ayánwálé rọra gbé e padà sí ìkejì.
Wọ́n ti pààrọ̀ àga, ìjà sì wà níbi tó wà.
Mo bu omi sẹ́nu.

Ẹ má rò pé mo ń fi wọ́n ṣẹ̀sín.
Nílé wa ní Àpákẹ́, bí ìyá mi bá ń ṣa máńgòrò,
èyí tó gbó sọ́tùn-ún, èyí tí kò tíì gbó sósì,
ọ̀kan máa ń wà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbé lọ, tó ń gbé bọ̀,
títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Oníṣirò kan wá láti Ìlọrin.
Ó ní oókan ni bí ẹnu wọn bá kò délẹ̀,
òdo ni bó bá jẹ́ pé owó ni wọ́n ń jù sókè.
Tọ́ọ̀wọ́ fi díẹ̀ lé ní ìdajì.
Nígbà tó dé ẹ̀ka, kò tó ìdámẹ́ta.
"Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì," ló kọ sísàlẹ̀,
ó fàlà sí i, ó lọ wọkọ̀.

Ohun tí mi ò sọ fún wọn:
mo mọ ẹni tó wà lábẹ́ bébà yẹn.
Morẹ́nikẹ́ ni, aránṣọ Ìsàlẹ̀-Àfọ́n,
tó gán ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí mo wọ̀ yìí.
Ó wá lọ́jọ́ Ẹtì, ó na ọwọ́ náà sí mi;
ó ń tẹ̀ síwájú dáadáa, kò fẹ́ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́,
bí òjò bá sì ń bọ̀, ó máa ń mọ̀ ṣáájú àgbàlá.
"Kí ni wọ́n ní ó ṣe é gan-an?" ló bi mí.

Mo wo tábìlì mi. Mo wo ọwọ́ rẹ̀.
Mo ní, "Ó ṣẹ́.
Lórí ìyẹn, ẹnu wọ́n kò."